Ẹ̀rọ Kì í Bàjẹ́ Lásán

Gbólóhùn kan wà tó ti di orin lẹ́nu wa ní Adó-Èkìtì, láti ìdí àtẹ àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn títí dé orí ètò àárọ̀ lórí rédíò. Bí hẹlikọ́pítà bá já láti òkè, tí wọ́n sì kéde pé nǹkan kan ló bàjẹ́ lára rẹ̀ lójú òfúrufú, kíá ni gbólóhùn náà yóò jáde: "Ẹ̀rọ ni. Ta ló lè bá ẹ̀rọ ṣe ẹjọ́? Àmúwá Ọlọ́run ni." A ó mi orí, a ó bá ẹbí àwọn olóògbé dárò, a ó ní kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ hàn wá mọ́, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Olówó ń sọ ọ́, tálákà ń sọ ọ́. Olóṣèlú ń sọ ọ́ níbi ìsìnkú, wòlíì ń sọ ọ́ lórí pẹpẹ, ọ̀mọ̀wé tó yẹ kó bi ìbéèrè kejì náà ń sọ ọ́. Ó ti sú mi í gbọ́. Èrò tèmi nìyí: ẹ̀rọ tó dákẹ́ lójú òfúrufú, orí ilẹ̀ ni ìbàjẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ojú ènìyàn, níbi tí ọwọ́ ènìyàn ti lè tún un ṣe. Ẹni tó bá sọ pé "ẹ̀rọ ló bàjẹ́" kò tíì dáhùn ìbéèrè kankan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i ni.

Kí n tó bá wọn jiyàn, ẹ jẹ́ kí n gbé ẹjọ́ wọn kalẹ̀ bó ṣe yẹ, nítorí àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ní kò sí ohun tí ọmọ aráyé fi ọwọ́ ṣe tí kì í bàjẹ́. Òyìnbó tó ṣe hẹlikọ́pítà gan-an, tirẹ̀ ń já, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti àwa tí à ń rà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní inú irin kò ṣeé yẹ̀ wò bí inú igbá. Ibi tí yóò ti ya, kò sí ojú tó lè rí i ṣáájú. Wọ́n ní bó bá sì ti yà lókè, kò sí ẹ̀bá títì tí awakọ̀ lè páàkì sí, kò sí mẹkáníìkì tó lè pè, kí ló wá kù bí kò ṣe àdúrà? Wọ́n ní àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé a rí tàìsàn ṣe, a kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe: nínú ọkọ̀ kan náà, ẹnì kan á kú, èkejì á yè, kí ni ká pe ìyẹn bí kì í bá ṣe kádàrá? Wọ́n tún ní bí a bá ń tọ pinpin ọ̀rọ̀ náà kiri, ojú ọgbẹ́ àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ni à ń tú, pé à ń wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń sunkún. Àwọn mìíràn á rọra fi ọwọ́ ayé kún un. Ẹjọ́ tó lórí tó nídìí ni. Ẹ jẹ́ ká gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, ká wo bóyá yóò lè dúró. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni mo sì ń sọ o. Ti Kábà ní oṣù kejì ọdún 2019, tí hẹlikọ́pítà tó gbé Igbákejì Ààrẹ Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ṣubú bó ṣe ń balẹ̀, eruku ló bo awakọ̀ lójú. Ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, ó di ọjọ́ mìíràn.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2015, hẹlikọ́pítà iléeṣẹ́ Bristow kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Sikorsky S-76C++, gbé èèyàn 12 láti ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga epo lójú òkun, ó ń bọ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed ní Ìkejà. Ó ti la òkun já, ó ti wọ Èkó, ibi tó ń lọ kò jìnnà mọ́, ló bá já sínú ọ̀sà ní Òwòròǹṣòkí lójú ọ̀sán gangan. Èèyàn mẹ́fà kú, mẹ́fà yè. Mi ò mọ àpẹẹrẹ mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá tó yanjú tó o nípa hẹlikọ́pítà tí ẹ̀yà ara rẹ̀ bàjẹ́ lójú òfúrufú, ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí ló bàjẹ́? Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá kan ni, ọ̀pá tí kò tóbi, lára àwọn ọ̀pá tó ń gbé àṣẹ láti ọwọ́ awakọ̀ lọ bá abẹ́bẹ̀ ńlá tó ń yí lókè orí ọkọ̀. Orí ọ̀pá náà, níbi tí bíárìn wà, yọ kúrò lára ọ̀pá fúnra rẹ̀. Bó ṣe yọ báyìí, àṣẹ awakọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ abẹ́bẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Ẹ má jẹ́ ká yára kọjá níbẹ̀. Ọ̀pá onírin kì í dédé tú ara rẹ̀. Nọ́ọ̀tì ló há a. Ẹnì kan ló fún nọ́ọ̀tì yẹn, ẹlòmíràn ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀, ìwé kan sì wà tí àwọn méjèèjì ní láti fọwọ́ sí kí ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀.

Àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ òfúrufú ní orílẹ̀-èdè wa, AIB nígbà náà, NSIB láti ọdún 2022, kò sọ pé "ẹ̀rọ ni" kí wọ́n ká ẹ̀wù wọn lọ sílé. Wọ́n kó àfọ́kù náà jáde nínú omi, wọ́n wá ọ̀pá náà rí, wọ́n rí ibi tó ti yọ. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, àṣẹ pàjáwìrì jáde láti ọ̀dọ̀ FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfúrufú ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ṣe hẹlikọ́pítà náà: kí gbogbo ẹni tó ní irú rẹ̀ yẹ àwọn ọ̀pá wọ̀nyẹn wò, kí wọ́n yẹ nọ́ọ̀tì tó há wọn wò, kí wọ́n rí i dájú pé ó wà ní ipò rẹ̀, pé ó sì fún dé ibi tó yẹ kó fún dé. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni wọ́n ń pàṣẹ fún? Ṣé Ọlọ́run ni wọ́n ní kó lọ fún nọ́ọ̀tì? Ẹni tó ní sípánà lọ́wọ́ ni wọ́n ń bá wí. Bí ó bá jẹ́ pé gbólóhùn tiwa ni wọ́n mú lò, pé àmúwá ni, iye ọkọ̀ S-76 tó ń fò káàkiri ayé lọ́jọ́ yẹn ì bá ṣì máa fò láìsí ẹni tó yẹ ọ̀pá wọn wò. Yorùbá ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òótọ́ ni, bí ará yòókù bá gbà pé kòtò wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kò sí kòtò, pé ọjọ́ onítọ̀hún ló pé, ọgbọ́n wo ló fẹ́ kọ́? Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń gbé bọ̀ níbẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí èyí tó máa ń dùn létí jù, pé kò sí ojú tó lè rí inú irin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2009, hẹlikọ́pítà Super Puma kan tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ epo bọ̀ láti Òkun Àríwá já nítòsí Peterhead ní Scotland. Èèyàn 16 ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó yè. Gíà kan nínú àpótí gíà tó ń yí abẹ́bẹ̀ ló ya, abẹ́bẹ̀ náà sì fò kúrò lórí ọkọ̀. Àìrídìí ni, àbí? Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn olùwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí nínú ìwé. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, wọ́n ti bá èérún irin lára mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi sínú ọ́ìlì gíà náà fún iṣẹ́ yìí gan-an: bí irin bá ń hó nínú, kó gbá èérún rẹ̀ mú kí ènìyàn lè rí i. Ọkọ̀ náà tún fò fún nǹkan bí wákàtí 36 lẹ́yìn ìyẹn kó tó já. Èérún irin kì í bọ́ láti ọ̀run sínú àpótí gíà. Gíà náà ti ké, ènìyàn sì gbọ́ igbe rẹ̀. Àwọn tó rí èérún náà kàn sí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, àmọ́ ohun tí ẹni ìhín sọ kọ́ ni ẹni ọ̀hún gbọ́, iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe láti tú ìdí èérún náà wò kò sì wáyé. Àìgbọ́ra-ẹni-yé láàárín ilé iṣẹ́ méjì ló pa èèyàn 16. Ẹ ò lè rí èyí bí ẹ bá dákẹ́ sí "ẹ̀rọ ló bàjẹ́".

Kò tíì pé oṣù kan ṣáájú ti Peterhead, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2009, tí hẹlikọ́pítà S-92 kan ti já sínú òkun nítòsí Newfoundland ní Kánádà. Èèyàn 18 ló gbé, 17 kú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn bóòtù tí wọ́n fi títáníọ́ọ̀mù ṣe, tó de ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ ọ́ìlì mọ́ àpótí gíà, kán lójú òfúrufú. Ọ́ìlì dà nù, gíà gbẹ, ó jẹ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú bóòtù yẹn ti kán rí, ní Ọsirélíà, ní oṣù keje ọdún 2008. Ọlọ́run bá awakọ̀ yẹn ṣe é, ó rí ilẹ̀ bà sí. Iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, wọ́n kọ̀wé sí àwọn oníbàárà wọn pé kí wọ́n yọ ti títáníọ́ọ̀mù, kí wọ́n fi ti irin sí i, wọ́n sì fún wọn ní àyè ọdún kan tàbí wákàtí 1,250 lójú òfúrufú. Lẹ́yìn tí èèyàn 17 ti kú, àṣẹ mìíràn jáde, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì: ọkọ̀ tí kò bá tíì pààrọ̀ bóòtù yẹn kò gbọdọ̀ gbéra mọ́. Kí ènìyàn tó kú, ọdún kan. Lẹ́yìn tí ènìyàn kú tán, lójú ẹsẹ̀. Bóòtù kan náà ni o. Irin kò yí padà láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta. Ìpinnu àwọn tó jókòó sídìí tábìlì ló yí padà. Níbo ni "kò sẹ́ni tó lè mọ̀" wà nínú èyí?

Ẹni tó bá fẹ́ já mi ní koro yóò sáré lọ sí Turøy ní Norway, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ rẹ̀ ti lágbára jù. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2016, ọkọ̀ mìíràn láti inú ìdílé Super Puma, EC225, já níbẹ̀, abẹ́bẹ̀ rẹ̀ fò lọ lódidi, èèyàn 13 kú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí èérún tó kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Abẹ́ awọ irin ni gíà rẹ̀ ti ń ya, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mágínẹ́ẹ̀tì kò sì rí i gbá mú. Ṣé kì í ṣe àìrídìí rèé? Rárá. Irú gíà tó ya ní Turøy náà ni ó ya ní Peterhead ní ọdún méje ṣáájú. Àwọn olùwádìí ilẹ̀ Norway kò fi bò: wọ́n ní àwọn ìjàǹbá méjèèjì jọra, àti pé ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ kò tó láti dènà èkejì. Bí mágínẹ́ẹ̀tì kò bá lè rí irú yíya bẹ́ẹ̀, ta ló gbà pé kí mágínẹ́ẹ̀tì nìkan máa ṣọ́ ẹ̀mí èèyàn? Gíà kọ́. Ènìyàn ló gbà bẹ́ẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó sì ní ó tó. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ní ọwọ́ ènìyàn ló wà nídìí rẹ̀, kì í ṣe mẹkáníìkì aláṣọ ọ́ìlì nìkan ni mò ń wò. Ọwọ́ náà lè jìnnà, ó lè wọ aṣọ òyìnbó, ó lè wà ní ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ọwọ́ náà ni síbẹ̀.

Wọ́n ní bó bá ti bàjẹ́ lókè, kò sí ohun tó ṣeé ṣe mọ́. Àkọ́kọ́ ná, ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn kò jóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé hẹlikọ́pítà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú ti di òkúta, àhesọ ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, awakọ̀ á tètè dẹ abẹ́bẹ̀ náà sílẹ̀ kó lè jẹ́ pé atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ìsàlẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń sọ̀ ni yóò máa yí i. Nígbà tí ilẹ̀ bá kù díẹ̀, á gbé e sókè padà, ìyípo tó kù nínú abẹ́bẹ̀ á sì dá ọkọ̀ dúró kó lè balẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gba ìwé àṣẹ awakọ̀ hẹlikọ́pítà láìkọ́ ọ. Ohun tí kò ní àtúnṣe lókè ni àwọn ẹ̀yà bíi àpótí gíà, orí abẹ́bẹ̀ àti àwọn ọ̀pá tó ń gbé àṣẹ awakọ̀. Níbí ni àwọn alámúwá ti ń fi ọwọ́ ara wọn fa ilé ara wọn lulẹ̀. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni kò sí mẹkáníìkì lójú òfúrufú, ṣé ìyẹn kò ti gbogbo iṣẹ́ sí orí ilẹ̀? Nítorí ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe kọ nọ́ńbà sára àwọn ẹ̀yà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣe ka wákàtí ayé wọn, tí wọ́n ṣe ní kí a yọ wọ́n dànù bí wákàtí náà bá pé, ì báà dàbí ẹni pé wọ́n ṣì dára lójú. Ìtàn ayé hẹlikọ́pítà wà ní àkọsílẹ̀: ẹni tó ṣí i, ẹni tó dè é, ọjọ́ tó ṣe é, ẹni tó fọwọ́ sí i. Ohun tí a kọ sílẹ̀ tó báyìí, ẹ wá ń pè é ní àdììtú?

Ní ti ọlọ́jọ́, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹni tó yè àti ẹni tó kú. Mẹ́fà yè ní Òwòròǹṣòkí, mẹ́fà kú. Bí ìyá ẹnì kan nínú àwọn tó yè bá ní Ọlọ́run ló yọ ọmọ òun, ó dùn mọ́ mi, mo bá a ṣe àmín. Àmọ́ òwe tí wọ́n ń pa fún wa ní apá méjì, apá kejì nìkan ni wọ́n sì ń rántí. A rí tàìsàn ṣe. Ọ̀pá tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò dúró bó ṣe yẹ, àìsàn ni. Èérún irin nínú ọ́ìlì, àìsàn ni. Bóòtù tí wọ́n ti kọ̀wé pé kí a yọ, àìsàn tí dókítà ti sọ orúkọ rẹ̀ ni. Ìgbà wo la wá tọ́jú rẹ̀ tí kò gbọ́ tí a fi sáré kà á kún ọlọ́jọ́? Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò pa á fún ẹni tó fi oògùn sílẹ̀ sórí àjà tó wá ń sọ pé ọjọ́ ló pé.

Àwọn tó ń fi ọwọ́ ayé kún un ńkọ́? Nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú tó ń gbé òkú Olúṣẹ́gun Àgágù, gómìnà Oǹdó tẹ́lẹ̀, lọ sí Àkúrẹ́ já ní Èkó ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ọ̀rọ̀ òkùnkùn tí a sọ ní gbogbo apá ibí kò ṣeé kà tán. Ohun tí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn nínú ọkọ̀ náà sì gbà sílẹ̀ ni ìkìlọ̀ tó ń dún kí ọkọ̀ tó gbéra, tí àwọn awakọ̀ kò sì torí rẹ̀ dúró. Ìyẹn kì í ṣe hẹlikọ́pítà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìwà wa lórí rẹ̀ kan náà ni. Ó sì yà mí lẹ́nu pé Èkìtì la ti ń gbọ́ irú èyí, ilẹ̀ tí Ìrè wà nínú rẹ̀, ìlú Ògún Onírè. Àwọn tó ń bọ Ògún kò fìgbà kan sọ pé irin ń ṣe tinú ara rẹ̀. Irin ni wọ́n fi ń búra. Ẹni tó bá purọ́ níwájú irin, òun ni wọ́n ń bẹ̀rù fún, kì í ṣe irin ni wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò purọ́. Nínú ìgbàgbọ́ tó dàgbà jù lọ ní ilẹ̀ yìí nípa irin, ẹlẹ́rìí ni irin jẹ́. Iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí ń ṣe kò sì jìnnà sí i: wọ́n pe ọ̀pá, wọ́n pe gíà, wọ́n ní kó wá jẹ́rìí sí ohun tí ènìyàn ṣe sí i. Àwa la wá sọ ẹlẹ́rìí di ọ̀daràn, tí a sì jẹ́ kí ẹni tó yẹ kó dáhùn máa lọ sílé.

Ó ku àwọn tó ní àánú ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n ń rán wa létí pé òfin àgbáyé fúnra rẹ̀, èyí tí ICAO, àjọ àgbáyé fún ìrìnnà òfúrufú, gbé kalẹ̀, ní ìwádìí ìjàǹbá kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, bí kò ṣe láti dènà òmíràn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ kí a má dá ènìyàn lẹ́bi yàtọ̀ sí kí a má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ta sì ni àìmọ̀ ń ṣàánú? Ẹ wo ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Leicester. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2018, ọjọ́ tí Wilfred Ndidi wa jẹ góòlù tó mú Leicester àti West Ham ta ọ̀mì, hẹlikọ́pítà ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà, Vichai Srivaddhanaprabha, já ní ẹ̀gbẹ́ pápá, èèyàn márùn-ún kú. Bíárìn abẹ́bẹ̀ ìrù ló bàjẹ́ tó sì gan, ohun tó so abẹ́bẹ̀ ìrù náà mọ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ tú, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì. Àwọn olùwádìí lo nǹkan bí ọdún márùn-ún. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n fihàn pé kò sí ohun tí awakọ̀ lè ṣe tí ọkọ̀ kò fi ní já, wọ́n sì tọ́ka sí i pé ohun tí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà rí nígbà tí wọ́n dán an wò lójú òfúrufú nípa ẹrù tó ń wọ bíárìn náà, wọn kò fi han iléeṣẹ́ tó ṣe bíárìn, òfin kò sì ní kí wọ́n fi hàn án. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin aláàánú: ìwádìí ló wẹ awakọ̀ tó ti kú mọ́. Bí wọ́n bá ti sọ pé àmúwá ni, orúkọ awakọ̀ ì bá wà lẹ́nu aráyé títí láé pé bóyá òun ló ṣe é. Olówó tó lè ra hẹlikọ́pítà tuntun kò sì rí owó ra ara rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìwé kan tí wọn kò fi ránṣẹ́.

Kì í ṣe òfúrufú la ti kọ́ ìwà yìí. Ojú títì la ti kọ́ ọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù wọ inú ọjà ní Ìwòròkò, tó pa àwọn èèyàn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ EKSU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, sì wà lára wọn, "bíréèkì ló já" ni a kọ́kọ́ gbọ́, òun náà la sì gbọ́ kẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Adó mọ̀ pé bíréèkì kì í já láìjẹ́ pé ó ti ń dún, ó ti ń rọ̀, tàbí ó ti ń jò. A mọ̀ ọ́n, a sì ń sọ gbólóhùn náà síbẹ̀, nítorí pé ó rọrùn: ẹ̀rọ kò lè bínú, ẹ̀rọ kò ní mọ̀lẹ́bí ní ìjọba, a kì í sì pàdé ẹ̀rọ níbi ìnáwó. Èyí gan-an ni ìdí tó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ká Èkìtì lára báyìí ju ti àtijọ́ lọ. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2022 tí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí ti ṣí pápákọ̀ òfúrufú ní ẹ̀bá Adó, nígbà tó ku ọjọ́ kan kó gbé ìjọba sílẹ̀ fún Bíọ́dún Oyèbánjí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfúrufú kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó àti àwọn òṣìṣẹ́ epo nìkan mọ́. Bí a bá gbé "bíréèkì ló já" kúrò lójú títì lọ sí òkè, ohun tí yóò máa bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀ kò ní pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa.

Nítorí náà, mi ò ní yí ohùn padà. Kò sí hẹlikọ́pítà kan tó já nítorí pé ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́ lójú òfúrufú tí a tú ìdí rẹ̀ wò dáadáa nínú gbogbo àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí, tí a kò bá ìpinnu ènìyàn nídìí rẹ̀: nọ́ọ̀tì tí kò dúró bó ṣe yẹ, èérún tí a kò tú ìdí rẹ̀, ọdún kan tí a fún bóòtù tó ti kán rí, ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ní ìdajì, ìwé tí a kò fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, Ọlọ́run ló ń purọ́ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìyìn, ní Ìfàkì, nígbà mìíràn tí wọ́n bá tún kéde pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́, ẹ má mi orí. Ẹ pe ètò rédíò yẹn, ẹ kọ̀wé sí aṣojú yín ní Àbújá, kí ẹ bèèrè pé: ẹ̀yà wo ló bàjẹ́, ọjọ́ wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, ta ló fọwọ́ sí i, ìgbà wo sì ni àbájáde ìwádìí náà yóò jáde fún gbogbo ayé kà? Ìwé tí ìdáhùn wà nínú rẹ̀ kò sọnù sínú ọ̀sà. Ó wà nílé ẹnì kan. Ẹ ní kó mú un jáde.